Ògùrọ̀ Ayépé Tí Mo Lọ Gbé Wá fún Bàbá

Kí àkùkọ àdúgbò wa ní Mọ́lété tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo ti jáde nílé, akèrègbè òfìfo lábẹ́ apá. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà náà, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Ayépé, ìlú bàbá ọkọ mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni mò ń lọ, ògùrọ̀ ni mo sì fẹ́ lọ gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti mú Bàbá wá sọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn lẹ́yìn àìsàn rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju "Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé." Oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Ẹmu àdúgbò wa ńkọ́? Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní omi ṣúgà ni. Mo wá rò ó pé bí ògùrọ̀ ìlú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní dídùn, bóyá ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì gbà láti máa bá wa gbé.

Ọ̀nà Ìdí Ayùnrẹ́ ni Pijó akérò tí mo wọ̀ gbà. Títí dé Mámù, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ, gbogbo wa ń jó láìgbọ́ ìlù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ mọ́tò mìíràn tó gba ọ̀nà Òdogbolú, ó sì já mi sí Ayépé.

"Yèsí?" ni mo gbọ́ láti ilé ìdáná bí mo ṣe wọ agbo ilé Bàbá. Lẹ́nu àwọn Ìjẹ̀bú, "ta ni" nìyẹn. Àbúrò Bàbá obìnrin ni, Màmá Ayépé, ó ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́: ewùrà rírin tí wọ́n sè pẹ̀lú epo, ẹja àti edé. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ka ewùrà sí? Àwo méjì ni mo jẹ, ojú ò tì mí.

Lẹ́yìn náà ó mú mi lọ sí àbàtà, níbi tí àwọn igi ògùrọ̀ gbé dúró sínú omi. Ní ilé wa, orí ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń wá, àwọn ọkùnrin ló sì ń jókòó tì í. Níbí, adẹ́mu kọ́kọ́ mu tirẹ̀ níṣojú wa, kí a mọ̀ pé kò sí ibi nínú rẹ̀, ó bu fún Màmá, ó wá bu fún mi. Kò sẹ́ni tó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó tutù, ó dùn, ó ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

"Màmá, báwo la ṣe ń tọ́jú ẹ̀ tí kò fi ní kan?"

"Ìyàwó, ẹmu kì í dúró de èèyàn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan la lè fà sẹ́yìn díẹ̀." Ó fi omi gbígbóná tó gbé wá láti ilé ṣan akèrègbè mi kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtijọ́ má baà kù síbẹ̀, ó ní kí n má fi ọṣẹ kàn án láé. Nígbà tí adẹ́mu rọ ọ́ kún, Màmá ká imọ̀ ọ̀pẹ sí ẹnu rẹ̀, ó sì fi àpò ìdọ̀họ tútù wé e. "Ó ń mí bí èmi àti ìwọ ni. Má dé e pa o."

Ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Mọ́tò Ìbàdàn kan ṣoṣo ló kù, Àlàájì kan tó dé fìlà funfun ló sì ń wà á.

"Ìyá, ẹmu kọ́ nìyẹn? Mo fẹ́ kírun Àsárì lọ́nà o. Èmi ò lè máa gbé òórùn ọtí kiri."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun gbà, bí a bá dé e pa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ imọ̀ náà, ó ki àkísà bọ̀ ọ́, ó fi ọ̀rá àti rọ́bà dì í gírígírí. Ohùn Màmá ń dún létí mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ, mo wọ mọ́tò.

Ó ku díẹ̀ ká dé Mámù, mọ́tò já sí kòtò ńlá kan. Gbàù! Àkísà fò lu òrùlé, ìfófòó bo fìlà Àlàájì.

"Àsìtàgàfúrúláì!" Ó dá mọ́tò dúró.

Ẹkún ni mo bú sí. "Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì. Bàbá ọkọ mi tí ara ẹ̀ ò yá ni mò ń gbé e lọ fún."

Ó nu ojú, ó yọjú wo inú akèrègbè. Ìdajì ló kù. "Ẹ ò bá ti sọ pé arúgbó ló ni ín." Ó fa àdá yọ lábẹ́ àga, ó wọ inú igbó, ó gé imọ̀ ọ̀pẹ wá. "Ẹ dí i bí wọ́n ṣe ń dí i." Ó wá ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí a fi dé Ìbàdàn.

Bí mo ṣe wọlé ni mo bu díẹ̀ mu níṣojú Bàbá, bí wọ́n ti ń ṣe é nílùú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ gbé ife fún un. Ó mu, ó di ojú. "Àbàtà ẹ̀yìn ilé wa nìyí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò fún ayọ̀. Ó tún mu, ó rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ó ti ń kan."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o mu ún nídìí igi?"

"Mo mu ún, sà."

"Báwo ló ṣe rí?"

N kò lè purọ́. Mo sọ bó ṣe tutù tó, bó ṣe dùn tó. Bàbá rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé irú adùn yìí kò ṣeé kó pa mọ́ sílé ẹlòmíràn. Mo kọjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Ṣadé, a ò lè gbé Ayépé wá bá wọn níbí. Ẹ jẹ́ ká mú Bàbá lọ sílé ní Sátidé."

Ọkọ mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sétí rárá, wolẹ̀. Bàbá ló dáhùn láti orí àga rẹ̀:

"Kí ló ṣe ọ̀la?"