Àlùkìnbà tí Nùréènì Wọ̀ Dé Ẹnubodè

Nùréènì kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìrìn àjò. Láti ilé rẹ̀ ní Ifákọ̀ dé ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ìlúpéjú, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ni alùpùpù rẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí tí ẹnì kan ṣoṣo ti ní alùpùpù tó ṣeé gbára lé, onítọ̀hún ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́. Nígbà tí mọ́ṣáláṣí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Agége kéde pé àwọn yóò wé láwàní fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Muhydeen, gẹ́gẹ́ bíi Bàbá Àdínì, ẹbí ní kí Nùréènì lọ sí Kutọnu lọ ra àlùkìnbà, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi bo olóyè léjìká. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ojúlówó wà. Kò sí ẹni tó ti débẹ̀ rí nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá gbogbo wọn lójú.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́: ẹ̀wù náà kò gbọdọ̀ kan èjìká ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ìmáàmù ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí èjìká ẹni tó ni ín, lójú gbogbo jámáà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ṣáájú ti gba iwájú jẹ oyè ẹlòmíràn.

Kazeem, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló jókòó sẹ́yìn alùpùpù náà tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí Kazeem kò mọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wọ̀ ní Kutọnu jẹ́ irú èyí tí wọn kì í gba owó orí lórí ọjà tí arìnrìn-àjò bá fẹ́ gbé jáde nílùú. Damaris, ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ kan tó ń tajà níbẹ̀, ká ẹ̀wù funfun náà, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ lọ́rùn, sínú ọ̀rá. Ó lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa, ó sì lẹ rìsíìtì mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tú u o. Bó ṣe wà yìí ni kẹ́ ẹ fi han kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ bá ti lè tú u, kì í ṣe ọjà arìnrìn-àjò mọ́ nìyẹn, ẹ óò sanwó."

Nùréènì dúpẹ́, ó sì gbé e bí ẹni gbé ẹyin.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n rí i tí àwọn aṣọ́bodè ń tú ẹrù àwọn èèyàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kazeem ní kó dúró.

"Ìwọ náà wò ó. Ọjà tuntun, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú rìsíìtì. O kàn ń gbé ẹ̀rí kiri fún wọn ni."

"Ọmọbìnrin yẹn ní ká má tú u."

"Ṣé Èkó lòun ti dàgbà ni? Aṣọ ọrùn èèyàn kì í san owó bodè. Wọ̀ ọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, jàre. Ta ló fẹ́ bọ́ ọ síhòòhò?"

Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú wa kì í gbà pé ìwé tó pé lè gba òun là. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjà tuntun ni wọ́n máa ń dá dúró, tí àlòkù sì máa ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nùréènì rántí ìkìlọ̀ ẹbí, àyà rẹ̀ sì já. Ó tún wo àwọn ẹrù tí wọ́n ń tú, àyà rẹ̀ já ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wọ̀ ọ́. Kazeem ju ọ̀rá àti rìsíìtì sínú iná tí wọ́n fi ń sun pàǹtí lẹ́bàá ọ̀nà.

Aṣọ́bodè tó dá wọn dúró ń jẹ́ Shuaib. Orúkọ rẹ̀ wà láyà aṣọ rẹ̀.

"Ọ̀gá oníjákẹ́ẹ̀tì, ṣé ooru ò mú yín ni?"

"Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ni, sà."

"Atẹ́gùn ló ń mú yín làágùn báyìí? Ẹ bá wa ṣí i."

Òwú aláwọ̀ wúrà kọ mànà nínú oòrùn.

"Tuntun ni àbí àlòkù?"

"Tuntun," ni Nùréènì wí.

"Àlòkù," ni Kazeem wí, lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣèpàdé ná. Bó bá jẹ́ tuntun, rìsíìtì dà?"

Èéfín pàǹtí ń lọ sókè lẹ́yìn wọn. Shuaib tún ọrùn ẹ̀wù náà wò dáadáa.

"Ẹ gbọ́, àlùkìnbà mà nìyí. Ta ló joyè?"

"Àwọn náà ni!" Kazeem ti já a gbà, ó nawọ́ sí Nùréènì. "Bàbá Àdínì lẹ dá dúró sínú oòrùn yìí."

Ojú Shuaib yí padà. Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Àáfà, ẹ má bínú. Ẹ̀wù oyè kì í ṣe ọjà. Ìyá mi ló wà nídùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ bá mi ṣàdúà fún wọn, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Nùréènì mọ Fátíhà. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Kazeem ń fi ìgùnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣe àdúà yẹn nínú ẹ̀wù yẹn, ẹnubodè ni wọ́n ti fi í joyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀wù náà lè má dé Agége mọ́. Ó wo ọwọ́ tí ọkùnrin náà tẹ́ nítorí ìyá rẹ̀, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ joyè. A ra ẹ̀wù yìí ni, a sì ti jó rìsíìtì rẹ̀."

"Yéè! Ọkùnrin yìí ti tà wá," ni Kazeem wí.

Shuaib rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ bọ́ ọ."

Ó gbé e wọ ọ́fíìsì. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Kazeem kò sì rí ìmọ̀ràn kankan dá mọ́. Nùréènì ń fojú inú wo ìmáàmù tó dìde lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ wé láwàní náà, tó nawọ́ gba ẹ̀wù, tí kò rí nǹkan kan gbà. Nígbà tí Shuaib jáde, ẹ̀wù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ óò san owó bodè tí kò yẹ kó kàn yín rárá, nítorí ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín jó."

Wọ́n san án, wọ́n sì gba rìsíìtì. Kazeem kò dábàá pé kí wọ́n sun èyí. Kí Nùréènì tó gun alùpùpù, ó padà lọ béèrè orúkọ ìyá Shuaib. Rísíkátù ni.

Nílé Alhaji Muhydeen, Nùréènì kúnlẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Alhaji, tó wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, gbé ọrùn ẹ̀wù náà símú. Òógùn àti epo bẹntiróòlù ló ń rùn. Ó yí i síwá-sẹ́yìn títí tí Nùréènì fi rò pé yóò ní kó gbé e padà sí Kutọnu.

"O ò sì ṣe àdúà yẹn?"

"Mi ò ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n ní kí lorúkọ ìyá náà?"

"Rísíkátù."

Alhaji gbé ẹ̀wù náà lé e lọ́wọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì ṣe àdúà fún Rísíkátù bó ṣe wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó fọwọ́ pa ojú.

"Lọ sá a sójú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ fi í bò mí. Kí o sì jókòó tì í."

Nùréènì jókòó tì í lágbàlá títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́, ó ń lé adìyẹ, ó sì ń kìlọ̀ fún gbogbo ayálégbé tó bá kọjá pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.