Ọwọ́ Ta Ló Lu Ìlù Yìí?

Onífìríìjì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, torí fìríìjì ló ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, òun ni onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́ta kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe irun ló ń kọrin, tó tún ń ta gìtá. Ẹnì kẹta wọn ni Àgéré, oníbúrẹ́dì tó ga fíofío. Wọn ò ní ilé iṣẹ́ kankan tó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Fúnra wọn ni wọ́n ń gbé orin wọn jáde.

Lọ́jọ́ tí orin tuntun wọn jáde, Onífìríìjì kúnlẹ̀ sẹ́yìn fìríìjì oníbàárà kan, ó ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, ara fu ú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ro ó lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀, tí ìlù sì falẹ̀ díẹ̀. Èyí tó ń gbọ́ yìí ò falẹ̀ rárá.

Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ta ló lu ìlù yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mi ò bi ọ́ léèrè oúnjẹ."

Ó yà sọ́dọ̀ Àgéré nírọ̀lẹ́. Ìyẹn ń gbọn ìyẹ̀fun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ dànù. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin ọ̀hún ò dùn ni?"

Onífìríìjì kọrí sílé. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ọkùnrin tó gba orin wọn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èyí tí mo lù gan-an."

Ọkùnrin náà bojú wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ má wo ilẹ̀kùn. Èmi nìkan ni mo wá."

Ọkùnrin náà gbé e sí i fún un. Kì í ṣe díẹ̀ ni ìlù náà fi falẹ̀. Láti ẹsẹ kejì ló ti ń fọ́n ká bí ife tó ń yí bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tí ohùn àbúrò rẹ̀ sì ń dúró dè é.

"Àbúrò yín ló tún un lù," ọkùnrin náà wí.

Onífìríìjì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí sípánà ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sípánà ló sì ń bá wí.

Ó bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Ìlù yẹn dáa. Irọ́ yẹn ló dùn mí. Kí ló tún kù tẹ́ ẹ fi pamọ́?"

"Kò sí mọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀rù yín ló bà wá."

Ó wò ó títí kó tó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ọwọ́ lọ bá dókítà. Ní Sátidé, bó ṣe ń fìṣọ́ra lùlù, ó rí i tí àbúrò rẹ̀ àti Àgéré wo ara wọn. Ó dá ìlù dúró.

"Ẹ sọ ọ́ síta."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yára jù," Àgéré wí.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.