Ẹni Tó Ń Dùn Ni Kó Sọ̀rọ̀

Dókítà Valbona tó ń wo eegun àti iṣan lábúlé wa lókè Albania kì í gba gbẹ̀rẹ́. Nọ́ọ̀sì rẹ̀ ni mí, mo mọ̀ ọ́n. Ndue ló mú Prena, ìyàwó rẹ̀, wá.

"Prena, ibo ló ń dùn ẹ́?"

Ndue ló dáhùn. "Ẹ̀yìn ni, Dókítà. Ọ̀lẹ ló sì ń dà á láàmú."

"Ṣé ìwọ ni Prena? Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Dókítà ní kí Prena bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀; ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn kò dùn ún. Ṣùgbọ́n bí Dókítà ṣe yí itan rẹ̀ báyìí, ó figbe ta. Ìgbáròkó ni, kì í ṣe ẹ̀yìn. Igi ìdáná tó ń rù gun òkè ló fà á.

"Kò gbọdọ̀ rugi mọ́."

Ndue fárígá. "Ta ni yóò wá máa rù ú?"

"Ṣebí ìwọ lo ń bá a dáhùn? Máa bá a rù ú."