Ìwé Ọsàn Mi Níwájú Ẹ̀rọ Ìbàdàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo wọ mọ́tò ní Ìlọrà, mo wọ kóòtù bí ẹni tí ń lọ jẹ oyè. Ìwé ìwádìí tí mo kọ lórí ọsàn tí ń bàjẹ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ Fìdítì lọ́wọ́ nìkan ló kù kí n tó gba ìgbéga ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni, oṣù náà sì ni àǹfààní náà yóò parí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa kò gbé e dé ọ́fíìsì ìwé àtìgbàdégbà àwọn ọ̀mọ̀wé tí mo fẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ni mo bá gbé e lọ fúnra mi.

Awakọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?"

"Ẹ̀rọ kan ló fẹ́ yẹ ìwé mi wò ní Ìbàdàn."

"Ẹ̀rọ ló máa kà á? Kí wá ni iṣẹ́ tiyín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó yí rédíò sókè.

Ní Fìdítì, wọ́n ti to ọsàn sí etí títì. Ọ̀nà dára títí a fi dé Móníyà, níbi tí mo ti ra àkàrà gbígbóná, tí kòtò kan sì gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìbèèrè aya àti ọmọ. Olóòtú tí mo bá ní ọ́fíìsì náà ní Ìbàdàn, obìnrin kan tí kò fi àkókò ṣeré, kí mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi ń yẹ ìwé wò kí ọ̀mọ̀wé kankan tó kà á. Ó ní n kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ. Mo fẹ̀yìn tì. Ó ní gbogbo ìwé tí mo tọ́ka sí ló wà lóòótọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àmì pupa sí ìṣirò mi.

"Gbogbo àgbẹ̀ yín ló ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọsàn àwọn ló ń bàjẹ́," ni olóòtú wí. "Kò sẹ́ni tó ní ó jù bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ó dín. Ẹ̀rọ ní ó jọ pé ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó kọ gbogbo ẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, àfi bí mo ṣe rántí. Kí oòrùn má baà pa mí láti oko dé oko, mo pe gbogbo wọn sí ilé Bàbá Ọlọ́sàn, àgbà wọn. Mo bèèrè, Bàbá dáhùn, àwọn yòókù ní, "Bí Bàbá ṣe wí náà ni." Ta ni yóò pe àgbà ní òpùrọ́ lójú agbo? Èmi ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún olúkúlùkù, inú mi tún dùn pé ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọkàn mi ní kí n kàn yí àwọn iye náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Bí mo bá ṣe é, ìgbéga dé. Bí n kò ṣe é, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí bí ó ṣe rọrùn tó. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní Fìdítì.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ tún bi àwọn yòókù léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oko wọn. Tiyín nìkan ni mo lè lò."

Bàbá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Tíṣà, má lo tèmi náà. Ó ju ìdajì lọ tó ń rà mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ìyẹn lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ oko ni?"

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀: ẹ̀rọ lè rí i pé ọ̀rọ̀ jọra jù, ṣùgbọ́n kò lè bá mi rin oko. Nígbà tí mo wọlé ní Ìlọrà tí mo ròyìn tán, ìyàwó mi bèèrè pé àgbẹ̀ mélòó ló ti dá mi lóhùn báyìí.

Mo ní kò tíì sí ẹnì kankan.