Kòtò tí Sekove Gbẹ́ Nítorí Ojú Ratu

Bẹ́ ẹ bá dé abúlé Korotabu lónìí, tẹ́ ẹ sì dárúkọ olóògbé Sekove, kí wọ́n tó kí yín kú àbọ̀ ni wọ́n á ti máa sọ ọ̀rọ̀ kòtò fún yín. Àgbàlá olóyè ló gbẹ́ ẹ sí lọ́sàn-án gangan. Kòtò náà jìn dé àyà rẹ̀, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ, ó dúró. Ratu Apakuki, olóyè wọn, jókòó sórí ẹní létí kòtò. Wọ́n wá fi ẹní ńlá kan bo àwọn méjèèjì kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Gbogbo abúlé jókòó yí wọn ká, wọ́n ń gbọ́ aáwọ̀ abẹ́ ẹní.

"Sekove, má mí sí mi lójú."

"Ratu, bí mi ò bá mí, màá kú síbí ni o. Kòtò sì ti wà nílẹ̀."

"Kí lo jẹ?"

"Ẹja ni."

"Ẹja ìgbà wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀kánkán. Ẹ má wo èmi."

"Ibo ni mo fẹ́ wò tí mi ò ní rí ọ? Imú ẹ ti fẹ́ wọ ẹnu mi."

Àwọn èèyàn ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Vasemaca, ìyàwó Sekove, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí ọkọ òun bá jáde lábẹ́ ẹní yẹn láìrí nǹkan kan, àwọn ò ní lójú tí àwọn á fi gbé Korotabu mọ́.

Ṣé ẹ rí i, lọ́dọ̀ wọn ní erékùṣù Kadavu, ẹnì kankan kì í fọwọ́ kan orí olóyè, orí ẹnì kankan kò sì gbọ́dọ̀ ga ju ti olóyè lọ. Sekove yìí ló wá ga jù ní gbogbo erékùṣù. Nọ́ọ̀sì ojú ni. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú. Àfi kéèyàn sún mọ́ni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi fẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì ojú yòókù ń fún èèyàn ní awò ojú. Awò máa ń sú Sekove. Ẹ̀yìn ojú ló fẹ́ràn. Á ní, "Bí nǹkan bá ń há mọ́ ọpọlọ nínú agbárí, ẹ̀yìn ojú ló ti ń kọ́kọ́ yọ." Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ pé orí ń fọ́ òun lójú rẹ̀, ó ti dáràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Vasemaca fúnra rẹ̀ lóun ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí ń fọ́ òun. Ọkọ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀yìn ojú rẹ mọ́ kedere. Wọ bàtà."

"Ọ̀rọ̀ ìyá yín ló ń fọ́ mi lórí."

"Ìyẹn kì í hàn nínú ojú. Wọ bàtà."

Ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ náà ló sì jókòó sí títí wọ́n fi ṣe ìsìn tán.

Ìgbà kan tún wà tó fẹ́ ra àkùkọ, tó tan iná sí i lójú láàárín ọjà. Àkùkọ sọ ọ́ ní imú, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Ó nu imú, ó ní, "Ara rẹ̀ le. Mo rà á." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí orí wá ń fọ́ Ratu láràárọ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú á ṣú u fírí, tí omi sì ń hó nínú etí rẹ̀ bí ìgbà tí òkun ń ru, àwọn àgbà ní yaqona, omi gbòǹgbò igi tó ń mu lálẹ́, ló fà á. Ratu fi mímu sílẹ̀. Orí ò fi fífọ́ sílẹ̀. Sekove ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ojú rẹ̀.

Maciu, agbẹnusọ olóyè, ló dìde. "Ojú tó ń rí ọkọ̀ látòkèèrè, kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Orí Ratu lo fẹ́ fọwọ́ kàn, àbí?"

"Bàbá, ẹ̀yin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí Ratu, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan ń tẹ orí yẹn láti inú, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ yín."

Wọ́n lé e. Ó relé, ó mú eyín ẹja àbùùbùtán jáde nínú àpótí, ó padà wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá gba irú eyín yẹn ti gba ẹ̀bẹ̀ tó bá a wá nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti tàbùkù gbogbo ìdílé tó gbé e wá. Vasemaca la ẹnu, kò lè pa á dé. Eyín tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun ni, ọkọ òun ò sì bi òun. Ratu wo eyín náà títí, ó gbà á.

Bí kòtò ṣe délẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí aáwọ̀ abẹ́ ẹní rọlẹ̀, Ratu di irun Sekove mú, ó fà á mọ́ra. "Wò ó dáadáa." Ibẹ̀ wá dákẹ́. Vasemaca sún mọ́ ẹní náà, torí ọkọ rẹ̀ kì í dákẹ́.

Sekove ṣí ẹní. "Ratu, ibi tí iṣan ojú ti wọ ẹyinjú, etí rẹ̀ yẹ kó hàn bí etí àwo. Tiyín ò hàn mọ́. Ó ti wú, lójú méjèèjì. Nǹkan ti há jù nínú agbárí yín. Bẹ́ ẹ bá dúró, ojú á lọ. Ẹ̀yin náà lè bá a lọ."

Wọ́n gbé Ratu wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú Suva. Wọ́n bá kókó kan tó tó ẹyin ẹyẹlé nínú agbárí rẹ̀. Maciu ní kí dókítà obìnrin tó fẹ́ yọ ọ́ kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́, torí orí olóyè ni. Obìnrin náà ní, "Bàbá, tí mo bá ṣe tán, màá kúnlẹ̀." Maciu fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé ó kúnlẹ̀ lóòótọ́.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, Sekove sùn, kò jí. Níbi ìsìnkú, Maciu dìde láti sọ̀rọ̀ lórúkọ olóyè, torí olóyè kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láwùjọ. Ratu ní kó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Maciu, mo rí ọ. Irun rẹ ti funfun. Mo rí àwọn ọmọ-ọmọ mi, èyí àbígbẹ̀yìn fi ojú jọ ìyá mi. Vasemaca, mo rí ọ. Ọkùnrin yìí ló jẹ́ kí n rí gbogbo yín."

Vasemaca tó ti ń mú ara le láti àárọ̀ bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí òun ń ṣe. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi. Ratu nu ojú ara rẹ̀, ó sì tún ń wò wọ́n lọ.