Ìrọ̀lẹ́ tí Mo Mú Sùúrù Lọ Wo Òkú

Hàjíyà Ràbíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ̀ mí ní ìlú Niamey. Kí n tó rí i ni mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀: tùràrí tí ó ń sun sábẹ́ aṣọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí ó gba gbogbo ilé wa ní àdúgbò Koira Kano, tí ó wọnú ìrọ̀rí, tí ó wọnú búrẹ́dì pàápàá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa sọ pé "wọ́n" bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Mo sọ ọ́ fún ọdún púpọ̀ lójú rẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.

Àwọn tí ó wà ní Niamey nígbà náà yóò rántí àwọn ọdún yẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ bí eṣinṣin, tí àwòrán àwọn tí ń du ipò bo gbogbo ògiri, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ògbufọ̀ ni mí nígbà náà. Ọ́fíìsì rán mi lọ sí Zinder fún ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́rin, ibẹ̀ ni mo sì wà tí àìsàn fi kọlu ọkọ mi. Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí n tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti ìdájí di àṣálẹ́, wọ́n ti sin ín. Òkìtì ilẹ̀ pupa kan ni wọ́n fi hàn mí láàárín àìmọye òkìtì ilẹ̀ pupa.

"Ooru kò jẹ́ kí a dúró," ni Hàjíyà wí. "Tẹlifóònù kò sì lọ. Ṣé o kò mọ̀ pé wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ni, ìyàwó akọ̀wé?"

Kí ni mo fẹ́ fi bá a jiyàn? Mùsùlùmí ni wá, a kì í tọ́jú òkú pamọ́, ooru oṣù kẹrin ní Niamey kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù mẹ́rin tí mo fi jókòó opó nínú ilé, bí mọ́tò kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá dìde. Màá bu oúnjẹ sínú àwo ọkọ mi, màá tún dà á padà sínú ìkòkò. Mo kàwé, mo mọ̀ pé ó ti kú. Ara mi ni kò mọ̀.

Ajá méjì ni ó fi sílẹ̀ fún mi. Faransé kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó kó wọn fún un láti kékeré: Tanímọ̀la, akọ, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, àti Sùúrù, abo, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Wọn kì í ya ara wọn. Bí wọ́n bá sùn sábẹ́ igi dóńgóyárò, Sùúrù yóò gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀yìn Tanímọ̀la. Hàjíyà, tí ó ti kó wá sílé lẹ́yìn ọ̀fọ̀ kí ó lè "máa tọ́jú mi", kò fẹ́ rí wọn sójú. Bí wọ́n bá fi ẹnu kan àwo kan, ẹ̀ẹ̀méje ni ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, yóò sì máa ka ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sókè kí n lè gbọ́.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn ikú ọkọ mi, nínú ooru kan náà, Tanímọ̀la kú. Ogbó ni ó pa á. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé láti ọ́fíìsì lọ́sàn-án, abẹ́ igi ti mọ́ tónítóní, ó ń rùn fún jáfẹ́lì, omi tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Hàjíyà ti ti Sùúrù mọ́ yàrá tí a ń kó ẹrù sí, ó sì ti pe ọkùnrin oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan pé kí ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé òkú náà lọ sí ààtàn lẹ́yìn àdúgbò Bobiel.

"Àǹtí, ẹ kò lè dúró dè mí?"

"Kí n dúró dè ọ́ ṣe kí ni? Kí o wá kírun sí i lára? Ajá ni, ìyàwó. Ooru ń mú."

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Sùúrù sáré lọ sábẹ́ igi. Ó gbóòórùn ilẹ̀, jáfẹ́lì mú un sín. Ó yí ilé po, ó wo abẹ́ ibùsùn mi, ó wo ilé ìdáná, ó wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì. Mo po fùrá mọ́ wàrà fún un, kò wò ó. Mo gbé eegun wá, kò wò ó. Ní ọjọ́ kejì, omi pàápàá kò mu mọ́, imú rẹ̀ gbẹ bí awọ. Mo bá pe dókítà ẹran, ọmọ ẹ̀yà Zarma kan tí ó sábà ń tọ́jú màlúù. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Madáàmù, kò sí àìsàn lára rẹ̀. Ṣé ó rí òkú èkejì rẹ̀?"

"Kò rí i."

"Ó ń dúró dè é nìyẹn. Bí kò bá mu omi di ọ̀la, yóò kú síbẹ̀."

Mo ní láti yíjú sí ògiri kí ọkùnrin náà má bàa rí ojú mi.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, mo so okùn mọ́ Sùúrù lọ́rùn, mo sì fi bàtà tí mo fi ń lọ ọ́fíìsì kọrí sí Bobiel. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, "Hansi! Hansi!" bí àwọn Zarma ṣe ń pe ajá. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀ garawa kalẹ̀. "Madáàmù, ṣé ìwọ ni ò ń da ajá ni, àbí ajá ni ó ń dà ọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá.

Ọ̀rá dúdú ni ó kọ́ sórí gbogbo ẹ̀gún tí ó wà ní ààtàn náà. Igún mẹ́ta fò nígbà tí a sún mọ́ ọn. Ikùn Tanímọ̀la ti wú, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, òórùn rẹ̀ sì fẹ́ gbé mi ṣubú. Mo fẹ́ fa Sùúrù padà, kí n má ṣe fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn án. Òun ni kò gbà. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó gbóòórùn orí rẹ̀, etí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e kúrò kíá, bí ẹni tí ó fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn síwájú díẹ̀, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí i. Mo fi abọ́ fífọ́ kan wa òkúta wẹ́wẹ́ bo òkú náà. Kí n tó ṣe tán, Sùúrù ti dìde fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ilé, ó ń fà mí.

Nígbà tí a délé, ó mu omi. Gbogbo ilé ni ó ń gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń dún nínú garawa. Ọdún mẹ́ta ni ó tún lò lẹ́yìn ìyẹn, kò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Àwọn ọmọ àná mi máa ń sọ pé ìbínú kò yẹ àgbàlagbà, pé ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò nínú mi: mo jowú ajá. Ohun tí òun rí gbà lórí ààtàn láàárín wákàtí kan, ìdílé tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún sìn kò fún mi. Wọ́n fún mi ní ooru, wọ́n fún mi ní tẹlifóònù tí kò lọ, mo sì gbà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Mo ti kọ́ láti inú rẹ̀ pé irọ́ tí ó burú jù ni èyí tí ó bọ́gbọ́n mu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hàjíyà jókòó sí ìloro, ó ń wo ajá náà bí ó ṣe ń mu omi, tẹ̀sùbáà rẹ̀ kò sì lọ mọ́ ní ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ tèmi ti eruku ààtàn lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ sọ òtítọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó gbé tẹ̀sùbáà náà kalẹ̀.

"Àbúrò mi béèrè rẹ," ni ó wí. "Mo sọ fún un pé o ti wà lọ́nà, a kò sì tíì ránṣẹ́ sí ọ. Mo fẹ́ kí ó kú sọ́wọ́ mi, ìyàwó. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n."