Òróró Ẹja Tó Wọ Awọ Ẹlẹ́dẹ̀

Oògùn orúnkún mi ti kó mi sí wàhálà lónìí o!

Mo tún lọ ra capsule òróró ẹja ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Plumstead, nílùú òyìnbó níbí. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù tó ń tajà níbẹ̀ ní,

"Auntie, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe èpo ẹ̀ o."

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Ẹja ni wọ́n yà sára ike!"

"Ẹja ló wà nínú, Auntie. Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà níta."

Háà! Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbé e mì!

Ó mú ti màlúù wá. Mo ní, "Ṣé Mùsùlùmí ló pa màlúù yìí?" Ó ní òun ò mọ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, orí àga ni mo ti ń kírun. Ní báyìí, mo ti ń foríkanlẹ̀.

Ẹ̀yin Alhaja, ṣé kí n gbé ti màlúù mì ni, àbí kí n padà sórí àga?